Ohun Tí N Kò Sọ fún Bàámi

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé Kútọnu, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá pariwo "ọmọ Díákónì!" lójú títì lónìí, n ó yíjú wò ó. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí mi, orúkọ mi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò. Bí mo bá ra búrẹ́dì, ọmọ Díákónì ló ra búrẹ́dì. Bí mo bá bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, kí garawa mi tó kún, Bàámi ti gbọ́. Iṣẹ́ ló lé mi kúrò nílé, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fáráyé nìyẹn, kì í sì í ṣe irọ́. Àmọ́ mo tún fẹ́ ibì kan tí wọn ò ti ní mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Mo rí i o. Mo rí i débi tó fi sú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń já mi láyà. Mo rí àwọn ìgò ńláńlá lórí tábìlì lẹ́bàá títì, nǹkan pupa rúsúrúsú kún inú wọn. Mo ní, háà, àwọn èèyàn yìí mà ń jẹ epo pupa o! Ni ọlọ́kadà kan tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò bá dúró, obìnrin tó ni tábìlì gbé àrọ, ó da ìgò kan sínú táńkì rẹ̀. Àṣé bẹntiróò ni! Wọ́n ní láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e wá. Èmi àti epo la jọ wá ṣe àtìpó, òun ló tètè ríṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí bàbá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo wọ̀ sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ẹ̀rù ba bàbá náà. Ó rò pé gìrì ló mú mi, ó pariwo pe àwọn ará ilé kí wọ́n gbé omi wá. Èdè Fọ̀n ni wọ́n ń sọ, n ò gbọ́ ẹyọ kan, wọ́n ṣáà ń da omi sí mi lórí. Mo dìde, omi ń kán lára mi, ojú ń tì mí, mo ní, "Wí." Wí, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, nìkan ni mo mọ̀ nínú Faransé nígbà yẹn, òun ni mo sì fi ń dá gbogbo ayé lóhùn. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́, ará Àjàṣẹ́, bi mí bóyá mo ti dáná sun mọ́tò oníbàárà rí. Mo ní wí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá bi mí.

Ekpè, lẹ́bàá Kútọnu, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà etíkun. Iná mọ́tò ni mò ń tún ṣe. Àwọn mọ́tò tí òyìnbó ti lò máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Pọ́ọ̀tù, wọ́n á kó wọn wá sí pápá ńlá kan ní Ekpè, bátìrì ọ̀pọ̀ wọn á ti kú, eku á ti jẹ wáyà wọn. Èmi ni mò ń jí wọn. Afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀ nínú, ó ń jẹ irin, ó ń jẹ ètè èèyàn náà. Nígbà mìíràn n ó bá bàtà ọmọdé lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. N ó jókòó sínú mọ́tò onímọ́tò, n ó gbé bàtà náà sórí itan, n ó máa ro ilé. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí pápá bá dákẹ́, n ó tan rédíò mọ́tò kan, n ó fi Faransé tí n ò gbọ́ dá ara mi lára yá. Mo ti fẹ́ ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí, àbí? Ó ti tó mi. Bí mo bá kú sínú mọ́tò yẹn, wọn á tà mí pọ̀ mọ́ ọn.

Okùn èmi àti Bàámi ni n kò jẹ́ kó já. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń pè é.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Bàámi."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì ni, Bàámi."

"Ta ló sè é?"

Bó ṣe ń bi mí nìyẹn, ọkùnrin arúgbó tó ń fẹ́ mọ ẹni tó se ìrẹsì. Kó tó fi mí sílẹ̀, á ní, "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó o fẹ́ sọ fún mi?" N ó ní kò sí, Bàámi, àlàáfíà la wà. Á súre fún mi, á gbé fóònù fún Màámi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Káfíńtà ni Bàámi. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìjọsìn, á ṣí fèrèsé, á nu àwọn àga gígùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ọjọ́rú ló ń lọ kí àwọn aláìsàn. Nígbà tí ẹsẹ̀ Màámi ń dùn ún, odidi ọdún méjì, Bàámi ló ń gbé agbọ̀n lọ sọ́jà. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Díákónì, ṣé ìyàwó yín ló fẹ́ yín ni?" Ó ní, "Òun ló fẹ́ mi, èmi náà sì gbà." Gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ìsìn gbogbo wa, tiwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Màámi, tirẹ̀ ló ń lọ kẹ́yìn. Bí Kérésì bá ń bọ̀, á fi okùn wọn ẹsẹ̀ wa níkọ̀ọ̀kan, á di okùn náà sápò, á lọ ra bàtà. Bàtà tó bá rà kì í fún wa lẹ́sẹ̀.

Irọ́ ni kò lè gbà. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún méjìlá, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù, mo ní ibi ìdánrawò akọrin ni mo lọ. Ó gbọ́. N ò rí ẹgba. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ sílé olórí akọrin, ó dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá, ọmọ mi fi orúkọ yín purọ́." Bàámi ò tó o bí lọ́mọ ṣá, àmọ́ ó jù ú lọ dáadáa. Yéè! Ó sàn kó nà mí. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe pé n kì í purọ́ mọ́ o. Ẹ̀rù pé Bàámi á dọ̀bálẹ̀ nítorí mi ló wọ̀ mí lára, kò sì kúrò.

Ìyẹn ni n kò fi lè sọ ti Ràfí fún un.

Ràfíátù ń ránṣọ tó ń bo àga mọ́tò, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí pápá wa. Ọmọ Ṣakété ni, Mùsùlùmí látìrandíran. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé, "Ìwọ ọmọ Nàìjíríà, ṣé ò ń tún iná yẹn ṣe ni àbí ò ń pa á?" Nàgó rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí Yorùbá tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo ní mò ń pa á ni, kó wá ràn mí lọ́wọ́. Ó wá. Ó di ọ̀rẹ́, ó di kí lo jẹ lónìí, ó di oyún.

Mo gbé ọsàn dání lọ sí Ṣakété, lọ tọrọ rẹ̀. Alájì, bàbá rẹ̀, jókòó lórí ẹní, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wo ẹnu ọ̀nà.

"Àwọn tó bá ọ wá dà?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

"Ìwọ nìkan? Ṣé igi ló bí ọ ni?"

Mo gbé ọsàn kalẹ̀. Ó ní, "Gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsìn. Onígbàgbọ́ pọ̀ nínú àna mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lẹ́bí lẹ́yìn kì í tọrọ ìyàwó lágbo ilé yìí. Lọ mú bàbá rẹ wá. Ọjọ́ tí o bá mú un wá ni wàá wọlé."

Báwo ni n ó ṣe mú un wá? Ọmọbìnrin ìjọ wa kan tó ń kọrin wà tí Bàámi ti fọkàn sí fún mi. Ó ti kan tábìlì tí a ó gé kéèkì ìgbéyàwó wa lé lórí, ó ní igi ìrókò ni, kò ní bàjẹ́ títí n ó fi dé. Tábìlì o! N ó wá sọ fún un pé mo ti fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún ní ìlú onílùú, kó dìde, arúgbó Díákónì, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ń bínú? Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oyún ò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ràfí kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Ekpè láìsí ìdána, ó bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Sékínátù ní Ṣakété. Ẹ̀yìn ògiri ni mo ti gbọ́ orúkọ ọmọ mi.

Torí Alájì ò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá lọ kí wọn nígbà Iléyá, Ràfí á gbé ọmọ wọlé, èmi á jókòó síta lábẹ́ igi, lórí bẹ́ǹṣì kan, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún mi wá síta. Àwọn tó ń kọjá á kí mi kú ìjókòó. Mo ti dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ nígbà yẹn, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n fi Faransé kọ, tí èmi fúnra mi sì lè kà. Mo ti lè fi Faransé bá oníbàárà jà débi tí yóò fi tọrọ gáfárà. Ní Ekpè, ọ̀gá ni mí. Ní Ṣakété, aláìnílé ni mí. Mo máa ń wo ilẹ̀kùn yẹn, n ó ní ṣebí ọ̀rọ̀ kan péré ló dí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré, lórí fóònù, ní Ọjọ́ Ìsinmi kan.

Ràfí máa ń jókòó ti ẹ̀gbẹ́ mi bí mo bá ń pe Bàámi. Kì í sọ nǹkan kan. Á kàn máa wò mí lẹ́nu. Bí Bàámi bá béèrè ẹni tó se ìrẹsì, n ó ní èmi ni, ìrẹsì Ràfí á ṣì wà lẹ́nu mi. Á dìde, á lọ fọ abọ́.

Lọ́jọ́ kan, a wà lọ́jà Dantokpa ní Kútọnu, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, a ń ra rọ́bà tí ó fi ń ránṣọ àga. Mo gbójú sókè, ta ni mo rí? Ìyá Àlàbá! Ìyá ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń wá ra aṣọ.  Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wọ ẹ̀yìn ẹrù aṣọ lọ, mo fọwọ́ bo orí. Ó kọjá. Mo jáde, mo ń gbọn eruku.

Ràfí ní, "Ta lò ń sá fún?"

Mo ní ará ilé wa kan ni.

"Ará ilé yín lò ń sá fún," ó ní, "àbí èmi àti ọmọ yìí lò ń sá fún?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ekpè, ọmọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kadà. Ojú tì mí débi pé n ò lè jẹun. Mo búra pé Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni n ó sọ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi dé, Bàámi béèrè, mo ní àlàáfíà la wà.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, a tún lọ sí Ṣakété. Mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, mo ti na ẹsẹ̀. Ni Alájì fúnra rẹ̀ bá jáde wá. Mo yára dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde. Wọlé. Oòrùn pọ̀." Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Àna, mo ní kó o wọlé." Ẹnu mi ò lè padé. Wọ́n fi mí jókòó sórí ẹní, mo jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú Alájì, n ò mọ adùn ẹran tí mò ń jẹ. Mo bi Ràfí lójú ọ̀nà pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n bi bàbá òun. Èmi a bi Alájì? Mo ní ọmọ ló rọ̀ ọ́ lójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbàgbé.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò mi Fúnmi pè mí láti ilé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ nílé. Ara Bàámi ò yá díẹ̀." Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń ka ìwé. Mo ní kó gbé fóònù fún Bàámi. Ó ní wọ́n ń sinmi. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ orin ìjọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ta ló ń kọrin ìjọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Fúnmi, Bàámi ti kú." Ó bú sẹ́kún. Bàámi ti nu ilé ìjọsìn láàárọ̀, ó jókòó sórí àga láti sinmi, kò dìde mọ́.

Ràfí sunkún débi tó fi yà mí lẹ́nu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe "Bàbá, Bàbá," bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ni. Nínú ọkàn mi mo ní, ẹni tí ò rí i rí? Mo sọ fún un pé kí òun àti ọmọ dúró ní Ekpè, ibi ìsìnkú kọ́ ni n ó ti máa ṣàlàyé, n ó mú wọn lọ nígbà mìíràn. Mo ti múra sílẹ̀ de ìjà. Ó nu ojú, ó ní, "Ó dáa."

Mo lọ lémi nìkan. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n ka àwọn ọmọ-ọmọ fún mi, ti àwọn àbúrò mi, mẹ́fà. Wọ́n ní ṣé ó pé? Mo ní ó pé. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe lè la ẹnu sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ilé ìjọsìn kún, wọ́n dúró dé ojú fèrèsé. Àsìkò tó láti ka ìtàn ìgbé ayé olóògbé. Mo ti kọ tèmi sí bébà. Àfi bí Pásítọ̀ ṣe mú àpò ìwé kan jáde, tí wọ́n lẹ̀ pa. Ó ní, "Díákónì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó fi sí wa lọ́wọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí di òní, kí àkọ́bí òun ọkùnrin kà á sókè." Ó ya á níwájú mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé Bàámi nìyẹn, lẹ́tà ńláńlá, tí ó fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ẹ mọ orúkọ mi, kò sídìí kí n tún un sọ. Káfíńtà ni mí. Àwọn àga tí ẹ jókòó lé, èmi ni mo kàn wọ́n. Èyí tó ń dún lápá òsì, ẹ má bínú, igi rẹ̀ ò gbẹ dáadáa ni." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn apá òsì sì mi ara wọn, ó dún. "Mo fẹ́ Abígéèlì, n kò sì kábàámọ̀ lọ́jọ́ kan. Olúwa fún mi ní ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ méje."

Mo dúró. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé ètò láàárín ìjọ. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo rò pé arúgbó ló ṣì í kà, mo fẹ́ sọ pé mẹ́fà. Ojú mi ti sá lọ sórí ìlà tó kàn. Orí mi wú. Mo di pẹpẹ mú. Pásítọ̀ ní kí n máa kà á lọ, ó rò pé ẹkún ni.

"Ìkeje ń gbé ní Kútọnu. Sékínátù lorúkọ rẹ̀. Èmi ń pè é ní Àdùkẹ́, torí mo bá a níbi tó ti ń sunkún, mo gbé e, ó dákẹ́."

Háà! Gbogbo ìjọ na ọrùn. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi bí ohùn ẹlòmíràn.

"Ìyá Àlàbá rí ọmọ mi pẹ̀lú obìnrin kan lọ́jà Dantokpa, ó ní ọmọ mi sá pamọ́ fún òun. Mo rò ó títí. Kí ni mo ṣe tí ọmọ mi ń sá pamọ́ fún mi? Ìyá Àlàbá padà lọ wá ìyàwó náà kàn, ìyàwó náà ló júwe ilé bàbá rẹ̀ fún un. Mo lọ. Mo pa irọ́ kan kí n tó lọ. Mo sọ fún Abígéèlì pé ìpàdé àwọn díákónì wà ní Abẹ́òkúta. Kò sí ìpàdé kankan. Kí Ọlọ́run àti Abígéèlì dárí jì mí."

Màámi pariwo láti orí ìjókòó rẹ̀: "Ìpàdé Abẹ́òkúta! Mo mà dín ẹja fún un lọ!" Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Mo dé Ṣakété. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ mi máa ń jókòó síta bí ó bá wá kí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alájì. Mo ní, ẹ gbà á sílé. Ẹ̀rù mi ló ń bà á, ẹ̀bi mi ni. Alájì gbé mi dìde, ó ní n kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà sunkún. A tọrọ ìyàwó, wọ́n fún wa, ìyàwó náà fúnra rẹ̀ sì se oúnjẹ, mo jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ọmọ mi pé mo wá. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń bi í. Bí kò bá tíì sọ ọ́ títí mo fi lọ, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Ẹ ní mo mọ̀, inú mi kò sì bàjẹ́ sí i."

N ò lè ka ìyókù, àdúrà ni. Pásítọ̀ gbà á kà. Ọdún méjì! Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́ Ìsinmi! Ó ń bi mí ẹni tó se ìrẹsì, ó sì ti jẹ nínú oúnjẹ obìnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mò ń sá fún láti ìgbà èwe ni mo mú bá a lẹ́yìn mi láìmọ̀. Mo bá ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní iwájú pósí rẹ̀, n ò mọ bí mo ṣe débẹ̀.

Màámi ló dìde. "Ìyàwó ọmọ mi dà? Ọmọ-ọmọ mi dà?"  Fúnmi ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Màámi, àwọn àlejò kan ti wà lábẹ́ igi dóńgóyárò láti àárọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dí ìsìn lọ́wọ́."

"Ta ló fi àna mi síta?" Màámi gbá ìró rẹ̀ mú, ó já àárín ìjọ kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tún ń dùn ún. Mo tẹ̀ lé e. Alájì wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú aṣọ funfun, òun àti ọkùnrin mẹ́rin láti agbo ilé wọn, Ràfí sì gbé ọmọ sẹ́yìn. Mo ní, "Alájì, ẹ ṣe wá?" Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo mọ̀.

Alájì wò mí. "Àna mi ló kú," ó ní. "Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa ní kí n má wá?"

Mo yíjú sí Ràfí. Mo ní, "O mọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ó mú mi búra. Kí lo rò pé mò ń wò ọ́ lẹ́nu fún ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi?" Ó ń sunkún, inú sì ń bí i, ó tọ̀nà. Màámi ti tú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbé e pọ̀n, kò tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní itẹ́ òkú, wọ́n ń pe àwa ọmọ níkọ̀ọ̀kan láti bu iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n pè mí ṣáájú. Mo bu iyẹ̀pẹ̀, n ò lè jù ú. Ràfí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màámi wá sẹ́yìn mi, ó ní, "Sọ ọ́ fún un. Ohun tó dúró gbọ́ nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Bàámi, mo ti fẹ́yàwó."

Màámi gbá mi léjìká. "Sọ ọ́ sókè. Etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́ láti ọdún tó kọjá."

Gbogbo wọn ń wò mí, ìjọ, Alájì, àwọn tó mú ṣọ́bìrì dání. Mo dìde dúró. Mo fi gbogbo agbára mi pariwo rẹ̀ sínú ihò náà: "Bàámi! Mo ti fẹ́yàwó o! Ràfíátù lorúkọ rẹ̀! Òun ló ń se ìrẹsì!"